Mo Pé Ọmọ Ọdún 49, Mo Fẹ́ Ra Páwà Báìkì: Ṣé Kí N Gba Hayabusa Tí Àbúrò Mi Rí?

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun èlò ìkọ́lé ni mò ń tà ní Abẹ́òkúta, mo pé ọmọ ọdún 49 lóṣù tó kọjá. Kí n tó rówó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo fi Suzuki 100 ṣe ọ̀kadà fún ọdún mẹ́ta, látìgbà náà ni ọkàn mi ti wà lára páwà báìkì. Àbíkẹ́yìn mi ti wọ yunifásítì báyìí, mo sì ti tọ́jú owó díẹ̀ pamọ́. Àbúrò mi tó wà ní Houston rí Hayabusa 2008 kan ní gbàǹjo, owó ẹ̀ ò wọ́n rárá, ó ní òun lè fi sínú kọ̀ǹténà tó ń bọ̀. Ìyàwó mi ní ikú ni mo fẹ́ fowó mi rà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo ti dàgbà jù fún irú ẹ̀. Mẹkáníìkì kan sì sọ fún mi pé báìkì tó bá wúwo ló ń dúró gbọin lójú títì, pé kí n má wulẹ̀ ra kékeré. Kí ni kí n ṣe?"

Arákùnrin mi, mo ka lẹ́tà yín tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn, ìgbà tí báìkì bá ti dé èbúté ni wọ́n ń pè mí. Kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń jẹ yín lọ́kàn jù: kò pẹ́ jù. Ọdún 26 rèé tí mo ti ń tún alùpùpù ńlá ṣe ní Ìbàdàn, tí mo sì ń gùn ún fúnra mi. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi ló jẹ́ pé wọ́n ti lé ní 40 kí wọ́n tó ra àkọ́kọ́. Ó wu ọmọ ọdún 22 lóòótọ́, àmọ́ kò lówó ẹ̀; ìgbà tí owó ilé-ìwé ọmọ bá fúyẹ́ lọ́rùn èèyàn ló máa ń rí i rà. Nítorí náà, ọjọ́ orí yín ò bà mí lẹ́rù. Hayabusa yẹn ni mi ò fẹ́ kí ẹ gbà, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí ẹ̀ dáadáa, torí mo mọ̀ pé tí mo bá kàn ní "ẹ má rà á" tí mo sì dákẹ́, ẹ máa rà á ni.

Nínú lẹ́tà yín, báìkì wo ni kẹ́ ẹ rà lẹ ń béèrè. Èmi rí ìbéèrè mìíràn lábẹ́ ẹ̀, òun ni pé ta ló máa kọ́ yín. Ẹ rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n gùn. Ọdún mẹ́ta lórí ọ̀kadà kì í ṣe nǹkan kékeré, mi ò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀. Ẹ mọ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ jíà, ẹ mọ bí ọkọ̀ akérò ṣe máa ń já wọ iwájú ẹni láìtan iná, ojú títì wa ò lè ṣe àjèjì sí yín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ọ̀kadà kọ́ yín tó jẹ́ pé, bẹ́ ẹ bá gbé e dé orí báìkì ńlá, ó lè gbẹ̀mí yín. Ọ̀rọ̀ búréèkì ni.

Lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ ọ̀tún la fi ń dúró. Búréèkì iwájú, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kì í fọwọ́ kàn án. Àwọn mìíràn ti tú okùn ẹ̀ dànù, torí ẹni tó kọ́ wọn ní tó o bá tẹ èyí, á gbé ẹ ṣubú. Lórí báìkì ńlá, bí ẹ bá ti fa búréèkì báyìí, gbogbo ìwúwo báìkì àti ti ara yín á rọ́ lọ síwájú. Táyà iwájú á tẹ̀ mọ́lẹ̀, ti ẹ̀yìn á sì fúyẹ́, nígbà mìíràn á fẹ́ẹ̀ gbéra nílẹ̀. Iwájú yẹn ló ń ṣe bí ìdá méje nínú mẹ́wàá iṣẹ́ dídúró. Ẹni tó bá ń sá 120, tó wá fẹsẹ̀ nìkan tẹ tẹ̀yìn, táyà ẹ̀yìn ò ní yí mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, báìkì ò sì ní dúró. Bó bá wá rántí tiwájú lójijì, tó já a mọ́wọ́ tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù kí ìwúwo tó rọ́ síwájú, táyà iwájú ò ní yí mọ́, ilẹ̀ ló kàn. Fífún ni wọ́n ń fún un. Ẹ fi ìka méjì lé e, ẹ fún un bí ẹni ń fún ọsàn tí kò fẹ́ kó bẹ́: ẹ kọ́kọ́ fà á díẹ̀ títí tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ ọ́n lára pé iwájú báìkì ti tẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá máa fún un lọ. Ó rọrùn láti kà. Kí ọwọ́ tó ṣe é fúnra ẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ ó ti ṣe é nígba ìgbà.

Mo mọ ohun tí mò ń wí. Ní 2003, mo ti kọjá Ọ̀yọ́, mò ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lórí Yamaha 600 kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ewúrẹ́ mẹ́ta jáde láti inú koríko. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gun alùpùpù nígbà yẹn, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin péré ni mo tíì lò lórí èyí. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ ṣe é, kì í ṣe orí mi: ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ búréèkì bó ṣe máa ń tẹ ti ọ̀kadà. Mo gbọ́ tí táyà ẹ̀yìn ń han, mo rí i tí ìdí báìkì ń bá mi lọ sápá òsì, lẹ́yìn náà eegun èjìká mi kán. Ó pẹ́ kí n tó ka ìwádìí tí Harry Hurt àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Southern California gbé jáde ní 1981. Wọ́n yẹ ìjàǹbá alùpùpù 900 wò ní agbègbè Los Angeles, wọ́n ń lọ síbi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó ju ìlàjì àwọn tó ṣubú lọ tí wọn ò tíì lo oṣù márùn-ún lórí báìkì tí wọ́n fi ṣubú, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń gun alùpùpù bọ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ìtàn mi ni mò ń kà yẹn. Báìkì tuntun máa ń sọ àgbà di ọmọdé, ọmọdé yẹn ni kẹ́ ẹ ra báìkì fún.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Hayabusa fúnra ẹ̀. Báìkì tó dára ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lágbára, kì í tètè bàjẹ́. Orúkọ àṣá ni wọ́n fún un lédè Japan, irú èyí tó ń já ṣòòròṣò láti ojú ọ̀run lé ẹyẹ mìíràn. Nígbà tó jáde ní 1999, eré ẹ̀ kọjá 300 kìlómítà ní wákàtí kan, débi pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe báìkì jọ fohùn ṣọ̀kan láti má jẹ́ kí tiwọn kọjá ibẹ̀ mọ́. Ti 2008 tí àbúrò yín rí, 1,340cc ni (cc ni wọ́n fi ń wọn bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó), agbára ẹ̀ sún mọ́ ti ẹṣin 200. Boxer 150 tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn ládùúgbò yín, bíi 12 ni. Ìyẹn ni pé ẹ ó ti orí ẹṣin 12 bọ́ sórí 200 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìwúwo ńkọ́? Bí epo àti ọ́ìlì bá wà nínú ẹ̀, 260 kílò ni. Ẹ̀yin lẹ ń ta sìmẹ́ǹtì, ẹ mọ ohun tí àpò márùn-ún jẹ́.

Mẹkáníìkì tó ní èyí tó wúwo ló ń dúró gbọin, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Lórí ọ̀nà tó gùn tó sì tẹ́jú, afẹ́fẹ́ ọkọ̀ tírélà kì í tètè bi báìkì wúwo. Àmọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ kì í sábà ṣubú lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ohun gbogbo ń lọ déédéé. Iwájú ilé ló ti ń ṣubú, ní ilé epo, lórí iyanrìn ẹ̀gbẹ́ títì, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nígbà tó fẹ́ yí padà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ sì wọ inú kòtò. Abẹ́òkúta yín, ẹ mọ̀ ọ́n, òkè àti àpáta ni. Nígbà tí àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí òkè, kò sí ọkùnrin tó lè dá a dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, ìbáà jẹ́ ọmọ 20 ọdún. Ẹni tó bá gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ni 49, orúnkún ẹ̀ ló máa san owó ẹ̀.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù nípa ẹ̀ jù ìwúwo lọ ni ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ rántí bí ọ̀nà wa ṣe rí. Ẹ ó máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ ó kàn ṣe kòńgẹ́ gálọ́ọ̀pù, ara yín á fò, ọwọ́ tó di ibi iná mú, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ń yí kí báìkì lè sáré, á sì yí díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Lórí Suzuki 100, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á kùn díẹ̀ ni. Lórí báìkì tó ní agbára ẹṣin 200, yíyí kékeré yẹn á ti ju yín dé ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú kẹ́ ẹ tó mọ̀. Báìkì kékeré máa ń dárí ji èèyàn, tẹ́ ẹ bá ṣe àṣìṣe lórí ẹ̀, á fún yín láyè kẹ́ ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Hayabusa ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ fún yín. Kò tún wá ní ABS, torí 2013 ni wọ́n tó fi sí i.

ABS yìí, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ju cc lọ. Ẹ̀rọ kan ni tó ń ṣọ́ táyà. Bó bá ti rí i pé ọ̀kan fẹ́ má yí mọ́, á tú búréèkì sílẹ̀, á tún dì í, á tún tú u, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, títí báìkì á fi dúró láìṣubú. Ká ní ó wà lára Yamaha mi ní 2003 ni, eegun èjìká mi ì bá má kán. Àjọ IIHS tó ń ṣèwádìí ààbò ojú títì ní Amẹ́ríkà fi irú báìkì kan náà wé ara wọn, àwọn tó ní in àti àwọn tí kò ní in, wọ́n sì rí i pé ìjàǹbá tó la ikú lọ fi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn tó ní in. Ní Yúróòpù, láti 2017, báìkì tuntun tó bá ti ju 125cc lọ gbọ́dọ̀ ní in. Amẹ́ríkà ò sọ ọ́ di dandan, torí náà àbúrò yín gbọ́dọ̀ béèrè ni, kó sì wò ó lára báìkì pẹ̀lú ojú ara ẹ̀: òrùka kékeré kan tó ní ihò wínníwínní ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díìsìkì búréèkì.

Ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n fi cc nìkan wọn báìkì fún yín. Ẹlòmíràn á ní "ó dáa, fi Hayabusa sílẹ̀, ra 600 kó o fi bẹ̀rẹ̀," á wá gbé Yamaha R6 síwájú yín. 599cc ni lóòótọ́, àmọ́ agbára ẹ̀ lé ní ti ẹṣin 110, pápá eré ìje ni wọ́n ṣe é fún: ẹ ó tẹ̀ba sórí táńkì bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ àti ìbàdí yín á sì sọ fún yín kẹ́ ẹ tó dé Ṣágámù. Suzuki V-Strom 650, 645cc, ó jù ú lọ ní cc, bẹ́ẹ̀ agbára ẹ̀ ò ju bíi 68 lọ, ẹ ó sì jókòó tààrà lórí ẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àga. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnnì àti ohun tí wọ́n ṣe é fún ló yẹ kẹ́ ẹ máa béèrè.

Àwọn òyìnbó ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, wọ́n sì fi òfin ṣe àkàbà sí i. Láti January 2013, ọ̀dọ́ tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, báìkì tí agbára ẹ̀ ò ju ti ẹṣin 47 lọ ni wọ́n máa ń fún un láyè láti gùn fún ọdún méjì, kó tó gòkè. Ní Britain, ẹni tó bá ti pé 24 lè gba èyí tó tóbi tààrà, àmọ́ á kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìwé, ìdánwò pápá àti ìdánwò ojú títì. Lọ́dọ̀ wa, láísẹ́ǹsì A tí FRSC fi ń gun Boxer náà ni wọ́n fi ń gun Hayabusa. (Láísẹ́ǹsì B tẹ́ ẹ fi ń wa mọ́tò kò gbà yín láyè láti gun alùpùpù, torí náà ẹ lọ gba A kí báìkì tó dé.) Kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró, kò sẹ́ni tó máa dán yín wò. Àkàbà tí ìjọba ò kàn, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín kàn án, àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ sì ni báìkì tẹ́ ẹ bá rà yìí.

Èyí tí mo máa rà ká ní èmi ni yín ni Honda CB500X. 471cc, agbára ẹṣin 47, ìwúwo ẹ̀ ò tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin. Òun àti àwọn ẹbí ẹ̀ jáde ní 2013 gan-an fún òfin Yúróòpù tí mo sọ yẹn. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, epo díẹ̀ ló ń mu, á sì gbé yín lọ sí Èkó lórí 110 láìlàágùn. Bí owó bá gbé e, ẹ wá èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 2019, torí táyà iwájú ẹ̀ tóbi sí i, kì í tètè jìn sínú gálọ́ọ̀pù. V-Strom 650 ló tẹ̀ lé e lójú mi, láti 2012 ni ABS ti wà lára gbogbo èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Ó lé díẹ̀ ní àpò mẹ́rin, ó sì ga, tẹ́ ẹ bá kúrú, ẹ kọ́kọ́ jókòó lé e kẹ́ ẹ rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ yín kanlẹ̀. Honda NC700X náà dára fún ẹni tó fẹ́ kó ẹrù díẹ̀, torí ibi tí táńkì epo ti máa ń wà lára báìkì mìíràn, àpótí tó gba akoto ló wà níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí kò dáa nínú wọn náà. Ẹ̀yà ara wọn ò wọ́pọ̀ níbí. Ti ọ̀kadà, Nnewi kún fún un, kò sí ìlú tẹ́ ò ti ní rí i rà. Ti CB500X, ẹ ó fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun, ẹ ó sì dúró. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra páwà báìkì, èyí tó bá ń pariwo ni wọ́n fẹ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta tiyín, ó lè pẹ́ lọ́wọ́ yín ju Hayabusa lọ. Ẹ̀kẹta, ó ṣeé ṣe kó sú yín lẹ́yìn ọdún méjì, kẹ́ ẹ máa wá èyí tó tóbi sí i. Kò sí aburú níbẹ̀. Bó bá dìgbà náà tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ Hayabusa, èmi fúnra mi á bá yín wá a.

Ó ku ọ̀rọ̀ gbàǹjo. Báìkì tó bá dé gbàǹjo ní Amẹ́ríkà tí owó ẹ̀ wálẹ̀, ó ní ìdí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti ṣubú, tí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ti san owó ẹ̀ tán, tí wọ́n wá kọ "salvage" sínú ìwé ẹ̀. Omi ti bo òmíràn mọ́lẹ̀; Houston tí àbúrò yín wà, ìjì Harvey da omi bò ó ní 2017, kì í ṣe ilé nìkan ló rì. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní VIN wà lára irin ọrùn gbogbo báìkì, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló para pọ̀ jẹ́, kí àbúrò yín kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, kó má gba èyí tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ìkẹwàá nínú ẹ̀ ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008, lẹ́yìn 9 ó di lẹ́tà, D ni 2013, K ni 2019. Kó fi nọ́ńbà náà wò ó lórí VINCheck ti NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì ìbánigbófò ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, á sọ fún un bóyá wọ́n jí i rí tàbí wọ́n ti kọ ọ́ sí salvage. Kó tún wò ó lọ́dọ̀ NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pè é padà fún àtúnṣe tí wọn ò tíì ṣe. Ní 2013, Suzuki pe àwọn páwà báìkì ẹ̀ tó ń jẹ́ GSX-R tó ti 2004 dé 2013 padà nítorí búréèkì iwájú tó lè rọ̀ lójijì, irú wọn ṣì ń wọ ìlú wa láìtún ṣe.

Ní tòótọ́, èyí tó ti gúnlẹ̀ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn, ni mo fẹ́ ju èyí tó wà nínú fọ́tò lọ, kódà bí owó ẹ̀ bá fi díẹ̀ ju tàbúrò yín lọ. Ẹ pe ẹni tó ń tà á lálẹ́, ẹ ní àárọ̀ lẹ ń bọ̀, kó jọ̀ọ́, kó má tan báìkì náà. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo lọ wo ọ̀kan báyìí ní aago méje òwúrọ̀, ìrì ṣì wà lórí ìjókòó ẹ̀, àmọ́ ẹ́ńjìnnì gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ń tan án láti aago mẹ́fà, torí kì í tan tó bá tutù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìka ra irin ṣọ́ọ̀kì iwájú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọ́ìlì bá lẹ̀ mọ́ ìka yín, ó ti ń jò. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín gbé iwájú báìkì kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ rọra yí háńdù láti ọ̀tún sí òsì. Bó bá há fẹ́rẹ́ láàárín, bí ilẹ̀kùn tó ń dé ojú ihò ẹ̀, bíárìnnì ọrùn ti jẹ. Ẹ wo ibi tí ọrùn ti máa ń kanlẹ̀ tẹ́ ẹ bá yí i dópin: irin kékeré kan wà níbẹ̀; bó bá ti tẹ̀ tàbí tó ti ya, báìkì náà ti ṣubú ṣubú líle, ohun yòówù kí ọ̀dà tuntun máa wí. Táyà, nọ́ńbà mẹ́rin wà lára ẹ̀: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018. Bó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ kà á sí táyà òkú, ìbáà ṣe bí ara ẹ̀ ṣe ń dán tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé mítà lé bátìrì, kẹ́ ẹ fún un níná díẹ̀. Ó yẹ kó wà láàárín fóòtì 13.5 sí 14.5. Ìwé aṣọ́bodè ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà ọrùn mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Nínú gbogbo 100 náírà tẹ́ ẹ bá ní, ẹ má ná ju 70 lọ sórí báìkì. Tòkunbọ̀ kan ò ní dé kó má bi yín ní táyà, bátìrì, ọ́ìlì àti búréèkì. Èyí tó kù, ara yín ni. Akoto tó bo gbogbo ojú ni, tuntun, tó ní àmì ìdánwò ààbò ECE tàbí DOT. Ẹ má ra akoto tòkunbọ̀. Fóòmù funfun tó wà nínú ẹ̀ ló ń gba ìgbájú dípò agbárí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì lè gbà á. Bó bá ti tẹ̀ rí, ẹ ò lè rí i láti ìta. Ìbọ̀wọ́, torí ọwọ́ la máa ń nà sílẹ̀ bá a bá ń ṣubú. Bàtà tó bo kókósẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tó ní ihò afẹ́fẹ́, kí ooru má baà jẹ́ kẹ́ ẹ bọ́ ọ sílé.

Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, ẹ má sì gùn ún lálẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ wá pápá tàbí òpópónà tí èèyàn ò sí, kẹ́ ẹ máa fún búréèkì iwájú lórí 40, lẹ́yìn náà lórí 60, bí mo ṣe sọ, bí ẹni ń fún ọsàn. Ní ti ara, èmi kì í ṣe dókítà. Mo kàn mọ̀ pé ojú mi lálẹ́ ní 50 ò dà bíi ti 30, mo sì ti rí ẹni tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń kùn lóorun lórí báìkì. Ẹ lọ yẹ ojú wò, kẹ́ ẹ sì bi dókítà yín nípa oògùn tẹ́ ẹ bá ń lò.

Ìyàwó yín ò sọ ìsọkúsọ. Ohun tó rí lórí títì Abẹ́òkúta lójoojúmọ́ ló ń sọ, mi ò sì ní bá yín kó ọ̀rọ̀ jọ láti fi ṣẹ́gun ẹ̀, torí mi ò lè ṣèlérí pé kò ní sí nǹkan. Báìkì léwu ju mọ́tò lọ, ó sì máa ń léwu bẹ́ẹ̀ bí èèyàn tilẹ̀ mọ̀ ọ́n gùn. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó mọ gbogbo ẹ̀: ẹ kà á létí pé ẹ ti fi Hayabusa sílẹ̀, ẹ fi 30 náírà tẹ́ ẹ yọ sọ́tọ̀ hàn án, kẹ́ ẹ mú un dání lọ ra akoto. Bó bá ṣì ní rárá lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin méjèèjì ló máa yanjú ẹ̀ nínú yàrá yín, kì í ṣe èmi.

Ẹ pe àbúrò yín lálẹ́ yìí kó tó san owó gbàǹjo. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó bá yín wá CB500X tó ní ABS, lọ́wọ́ ẹni tó ń gùn ún, kó sì lọ wò ó fúnra ẹ̀ láàárọ̀. Bó bá dé, ẹ má da epo sínú ẹ̀, ẹ má gùn ún wá. Ẹ fi ọkọ̀ gbé e wá sí Ìbàdàn, ká jọ tú táyà ẹ̀ wò.